A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Iléeṣẹ́ Tó Ń Gba Ìkànnì Lálejò

Sí ẹ̀yin olùdarí àti ẹ̀yin onímọ̀-ẹ̀rọ ní àwọn iléeṣẹ́ tó ń gba ìkànnì lálejò, tí ẹ sì ń bá wa bójú tó sọ́fítíwíà tó wà lórí wọn,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kí yín tọkàntọkàn, nítorí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lóru, nígbà tí àwa oníbàárà yín ti sùn, kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa tọ́jú ìkànnì fún àwọn ẹlòmíràn: ẹgbẹ́, ilé ẹ̀kọ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àti àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ìkànnì wọn sọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ bíi tiyín, nítorí ìlérí tí ẹ ṣe pé ẹ̀yin ni ẹ óò máa mú sọ́fítíwíà dójú ìwọ̀n, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa ń tẹ bọ́tìnì kankan. Lórí ìmúdójúìwọ̀n aládàáṣe yìí gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. N kò kọ lẹ́tà yìí láti ní kí ẹ dá a dúró. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ má ṣe máa ka iṣẹ́ náà sí èyí tó ti parí kìkì nítorí pé sáfà yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà lórí rẹ̀, sọ pé ó parí. Ó di ìgbà tí ìkànnì náà bá ń ṣe iṣẹ́ tí ẹni tó ni ín torí rẹ̀ gbé e kalẹ̀, tí ẹni náà sì ti mọ ohun tí ẹ fọwọ́ kàn níbẹ̀, kí ẹ tó lè pè é ní iṣẹ́ àṣeparí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi wà lẹ́yìn yín. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2014, àwọn tó ń bójú tó ààbò Drupal, sọ́fítíwíà tí a fi ń kọ́ ìkànnì, kéde àléébù kan nínú ẹ̀yà 7 rẹ̀, èyí tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè ti ìta rán àṣẹ wọ inú àká dátà ìkànnì, níbi tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, láì ní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni tí kò bá fi àtúnṣe náà sí ìkànnì rẹ̀ láàárín wákàtí 7 tí ìkéde jáde gbà pé àwọn olè ti wọlé síbẹ̀. Wákàtí 7 péré! Ẹni tó bá ti sùn kí ìkéde náà tó jáde, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ bá a nínú wàhálà. Irú èyí ni ọwọ́ ènìyàn kò lè yá tó láti bá dọ́gba, pàápàá ẹni tí ìkànnì 20 tàbí 30 wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Nígbà tí WordPress, tó jẹ́ irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀, náà ní àléébù tó burú ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2017, wọ́n gbé ẹ̀yà 4.7.2 jáde ní ọjọ́ 26 oṣù náà, wọ́n sì pa ẹnu mọ́ lórí àléébù tó lágbára jù nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Èrèlé, kí ìmúdójúìwọ̀n aládàáṣe lè ti dé ọ̀pọ̀ ìkànnì kí àwọn olè tó gbọ́. Àwọn tí ìmúdójúìwọ̀n wọn wà ní títì ni wọ́n jí bá ọ̀rọ̀ àjèjì lórí ojú ewé wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí a padà sí ayé àtijọ́, tí kálukú ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nígbà tó bá rántí, kò rí ohun tí a rí.

Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni kò mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò kò lè yé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí ẹ̀yà 3.7 ti jáde ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2013 ni WordPress ti lè mú ara rẹ̀ dójú ìwọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ìkànnì máa ń béèrè lọ́wọ́ sáfà WordPress.org bóyá ẹ̀yà tuntun wà. Bí ó bá wà, yóò fa fáìlì tí wọ́n dì pọ̀ wálẹ̀, yóò tú u, yóò fi fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ .maintenance sí ẹnu ọ̀nà kí ẹni tó bá yọjú lásìkò náà lè mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, yóò kó fáìlì tuntun lé ti àtijọ́ lórí, yóò sì wá yọ fáìlì kékeré yẹn kúrò. Bí iṣẹ́ bá já lágbedeméjì, .maintenance yẹn lè gbàgbé ara rẹ̀ síbẹ̀, kí ìkànnì wà ní títì fún ìṣẹ́jú 10 kí WordPress tó ṣíwọ́ kíkà á sí. Lẹ́yìn èyí ni ó máa ń wo àká dátà, bí ẹ̀yà tuntun bá sì fẹ́ kí a to àkọsílẹ̀ lọ́nà mìíràn, yóò tún un tò.

Ti ìkànnì tó dá dúró nìyẹn. Lọ́dọ̀ yín, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ń mú ètò tó ń darí sáfà fúnra rẹ̀ dójú ìwọ̀n, ẹ ń ṣe ti PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ WordPress, ẹ ń ṣe ti àká dátà, kí ẹ tó kan WordPress, kí ẹ tó wá kan àwọn plugin, ìyẹn àfikún tó ń fún ìkànnì ní iṣẹ́ tuntun, àti theme tó ń pinnu ìrísí rẹ̀. Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ fi ẹ̀dà WordPress kan ṣoṣo sí ojú kan, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkànnì ń lò ó pọ̀ nípasẹ̀ líǹkì, débi pé ìmúdójúìwọ̀n kò ju kí ẹ yí ibi tí líǹkì náà dojú kọ padà. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni, gbogbo wọn á sì bọ́ sórí ẹ̀yà tuntun. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, mo gbóríyìn fún yín lórí rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ ń lò fún gbogbo ìpele wọ̀nyí nínú ìlérí tí ẹ kọ fún wa, bẹ́ẹ̀ sì ni ewu wọn kò dọ́gba rárá. Àtúnṣe ààbò tó sún láti 6.4.2 sí 6.4.3 kì í sábà ba nǹkan jẹ́. Plugin tí ẹni tó ṣe é tún inú rẹ̀ tò pátápátá lè da ìkànnì rú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Ẹgbẹ́ kan wà tí mo ń bá tọ́jú ìkànnì wọn, tí àwọn ènìyàn sì ń ti ibẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Lóru ọjọ́ kan, iléeṣẹ́ tó gbà wọ́n lálejò mú plugin tó ń ṣàkóso fọ́ọ̀mù wọn dójú ìwọ̀n. Àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ náà sọ pé iṣẹ́ yọrí sí rere, wọ́n sì fi àmì aláwọ̀ ewé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lóòótọ́, ojú ewé àkọ́kọ́ ń ṣí. Àwòrán ń hàn. Fọ́ọ̀mù náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpótí orúkọ, àpótí ímeèlì, àti bọ́tìnì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n kọ "Fi ránṣẹ́" sí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì yẹn, àmì róbótó kékeré kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kò sì ní í dúró mọ́. Ọjọ́ 9 ni ó fi yí bẹ́ẹ̀. Theme wọn ṣì ń fi orúkọ àtijọ́ pe apá kan nínú kóòdù plugin náà, ẹ̀yà tuntun sì ti yọ orúkọ yẹn kúrò. Obìnrin kan tó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹrin ló fi ímeèlì béèrè bóyá ìforúkọsílẹ̀ ti parí ni. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá pè mí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ti fọ́ọ̀mù wa pa láì sọ fún wa?"

N kò ní èsì kankan fún un. N kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan nǹkan. Kò sí ímeèlì ṣáájú, kò sí ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí mo sọ yẹn, ó dìgbà tí mo tẹ ojú ewé mẹ́rin tọ ara wọn kí n tó rí i. Àwọn àgbà sọ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Abẹ ọwọ́ yín mú dáadáa, mo gbà, bẹ́ẹ̀ irun tí ẹ fẹ́ fá ti tó fífá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olórí wà níbẹ̀, tàbí ó kéré tán kí ó gbọ́ pé ẹ ń bọ̀.

Ohun tí ẹ ń pè ní "ó yọrí sí rere" ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń yẹ̀ wò lẹ́yìn ìmúdójúìwọ̀n ni bóyá sáfà dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà 200, èyí tó túmọ̀ sí pé ojú ewé náà jáde. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì ṣí i fún, kò tíì mọ̀ bóyá iná wà nínú ilé. WordPress gbìyànjú lórí èyí nínú ẹ̀yà 6.6 tó jáde ní oṣù Agẹmọ ọdún 2024: bí plugin bá mú ara rẹ̀ dójú ìwọ̀n, WordPress á yẹ ojú ewé àkọ́kọ́ wò, bí PHP bá sì ti dojú dé níbẹ̀, á dá plugin náà padà sí ẹ̀yà tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ìtẹ̀síwájú ńlá ni. Síbẹ̀, kò lè rí fọ́ọ̀mù tí mo sọ yẹn, nítorí PHP kò dojú dé. Inú bíráúsà ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní oṣù Ògún ọdún 2020, nígbà tí WordPress 5.5 yọ jQuery Migrate, kóòdù tó ń jẹ́ kí àwọn kóòdù àtijọ́ ṣì máa ṣiṣẹ́ nínú bíráúsà, kúrò, tí àwòrán tó yẹ kó máa yí kò yí mọ́ lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì, tí àtẹ àṣàyàn kò sì ṣí mọ́, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú 200 tó dán gbinrin.

Àwọn kan nínú yín ti ń ya àwòrán ojú ewé ṣáájú ìmúdójúìwọ̀n àti lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ sì ń fi kọ̀ǹpútà wé wọn. Ó dára, ẹ má ṣe dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ wá fi èyí kún un: ẹ jẹ́ kí oníbàárà kọ ohun méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ tí ìkànnì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ má lè ṣe, bóyá kí fọ́ọ̀mù lọ, kí ọjà wọ inú apẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ní àkáǹtì lè wọlé, kí ẹ sì máa dán ìwọ̀nyí gan-an wò lórí ẹ̀dà ìdánwò kí ẹ tó fọwọ́ kan ojúlówó. Àwa la mọ ohun tí ìkànnì wa wà fún. Ẹ̀yin kò lè mọ̀ ọ́n bí ẹ kò bá béèrè.

Ọ̀rọ̀ dídá nǹkan padà sí ipò àtijọ́ ló tóbi jù lójú mi, nítorí níbẹ̀ ni àtúnṣe ti máa ń di àdánù. Ẹ ń sọ fún wa pé kí a fọkàn balẹ̀, pé ẹ̀dà ìpamọ́ wà. Ẹ jẹ́ kí a wò ó lórí ìkànnì tó ń tajà. Ká ní aago méjì òru ni ẹ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, tí ẹ mú plugin ọjà dójú ìwọ̀n ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹnì kan sì rí àṣìṣe ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Òṣìṣẹ́ yín tó gba ìpè, pẹ̀lú ọkàn rere, tẹ bọ́tìnì tó ń dá gbogbo rẹ̀ padà. Fáìlì padà. Àká dátà náà padà, gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn sì rà láàárín aago méjì sí mẹ́fà ààbọ̀ pòórá. Owó ti kúrò ní báńkì wọn, nítorí ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn ni a ti ń sanwó, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà kò mọ ohun tí yóò kó ránṣẹ́ sí ta ni. Èyí tó tún burú ni pé nọ́ńbà àṣẹ ọjà náà padà sẹ́yìn pẹ̀lú àká dátà: bí ẹni àkọ́kọ́ tó pòórá bá ní nọ́ńbà 4,118, ẹni tó bá rajà lẹ́yìn náà ni yóò tún gba 4,118. Àwọn méjì á wá fi nọ́ńbà kan náà kọ̀wé béèrè ẹrù wọn. N kò mọ ọ̀nà tó rọrùn láti tú irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin onímọ̀-ẹ̀rọ mọ àtúnṣe èyí jù mí lọ. Bí ẹ̀yà tuntun kò bá tíì tún àká dátà tò, fáìlì nìkan ló yẹ kí ẹ dá padà, kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn. Bí ó bá sì ti tún un tò, kí ẹ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ ohun tó wà nílẹ̀ báyìí kí ẹ tó gbé ti àtijọ́ padà, kí a lè rí ohun tó wà láàárín fà yọ nígbà tó bá yá. Ẹ̀yin tó ń kọ plugin fúnra yín fún oníbàárà, mo bẹ̀ yín, tí ẹ bá fẹ́ yọ òpó kan kúrò nínú tábìlì àká dátà, ẹ kọ́kọ́ fi òpó tuntun kún un, kí ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ wà níbẹ̀ títí di ẹ̀yà kan tàbí méjì sí i, kí kóòdù àná lè ka dátà òní bí ìpadàsẹ́yìn bá di dandan. Kí ẹ sì má ṣe jẹ́ kí bọ́tìnì ìdápadà ṣiṣẹ́ láì fi hàn ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ iye àkọsílẹ̀ tuntun tí yóò pa rẹ́. Gbólóhùn kan péré ni.

Lórí PHP, n kò ní sọ púpọ̀. Àtìlẹ́yìn fún ẹ̀yà 7.4 parí ní ọjọ́ 28 oṣù Bélú ọdún 2022, ẹ sì tọ̀nà bí ẹ kò ṣe fẹ́ máa gbé e kiri lẹ́yìn ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà 8.0 yọ create_function àti each, àṣẹ méjì tí àwọn kóòdù àtijọ́ ń lò, kúrò pátápátá, ẹni tí theme rẹ̀ ti pẹ́ sì lè jí bá ojú ewé funfun báláú. Láti ẹ̀yà 7.2 ni PHP ti ń kìlọ̀ nípa àwọn méjèèjì, ìkìlọ̀ náà sì ń wọ inú àkọsílẹ̀ àṣìṣe tó wà ní ọwọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ ń rí i. Ẹ ka àkọsílẹ̀ yẹn fún wa, kí ẹ sì kọ̀wé sí wa ní oṣù mẹ́ta ṣáájú pé theme báyìí, fáìlì báyìí, ìlà báyìí, ni yóò dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ìkìlọ̀ gbogbogbòò tó ní kí "àwọn oníbàárà kàn sí ẹni tó bá wọn kọ ìkànnì" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ má sì ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ayé rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Agẹmọ ọdún 2024, nígbà tí fáìlì kan láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, da kọ̀ǹpútà Windows tó tó mílíọ̀nù 8.5, gẹ́gẹ́ bí Microsoft ṣe ṣírò rẹ̀, dùbúlẹ̀, nítorí pé kò gba ọ̀dọ̀ àwọn díẹ̀ kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. WordPress pàápàá ti kọsẹ̀ rí: ẹ̀yà 4.9.3 tó jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Èrèlé ọdún 2018 ba ẹ̀rọ ìmúdójúìwọ̀n aládàáṣe gan-an jẹ́, débi pé nígbà tí àtúnṣe rẹ̀ jáde ní ọjọ́ kejì, ìkànnì tó ti gba 4.9.3 kò lè fa àtúnṣe náà wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ó di kí ẹnì kan wọlé lọ tẹ bọ́tìnì. Bí ẹ bá fi ìkànnì tiyín fúnra yín ṣáájú, tí ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìkànnì díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, tí ẹ sì dúró wo àkọsílẹ̀ àṣìṣe kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, àṣìṣe á ti hàn nígbà tó ṣì kéré.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín á bi mí bí ìdúró yìí ṣe bá wákàtí 7 ti Drupal mu. Kò bá a mu, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ máa fi òfin kan náà bá gbogbo ìmúdójúìwọ̀n lò. Èyí tí wọ́n bá kéde pé ó jẹ́ ti ààbò, ẹ gbé e wọlé lójú ẹsẹ̀, bó ṣe òru bó ṣe ọ̀sán, ẹ sọ fún wa lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti ẹwà tàbí ti ohun èlò tuntun, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀. Ìdúró díẹ̀ yẹn ní àǹfààní mìíràn pẹ̀lú: ní oṣù Òkúdù ọdún 2024, àwọn olè gba àkáǹtì àwọn kan tó ń ṣe plugin lórí WordPress.org, wọ́n sì fi kóòdù burúkú sínú ẹ̀yà tuntun. Ìkànnì tó sáré gba ẹ̀yà yẹn ló kọ́kọ́ gba olè sílé.

Àwọn kan nínú yín kò jẹ́ kí a dá ohunkóhun dúró rárá, àwọn mìíràn sì fún wa ní bọ́tìnì tó ń dá gbogbo rẹ̀ dúró títí láé. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ fún wa ní ìdádúró ọjọ́ 7 tí yóò tán fúnra rẹ̀, tí kò sì ní kan àtúnṣe ààbò, kí ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìforúkọsílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí lè parí rẹ̀ ná.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí a ń retí lọ́wọ́ yín, kò ju báyìí lọ: "Ní aago méjì òru ọ̀la, a óò mú plugin fọ́ọ̀mù yín kúrò ní ẹ̀yà yìí sí ẹ̀yà yẹn. Kì í ṣe ti ààbò. Ohun tó yí padà nínú rẹ̀ nìyí. Ẹ tẹ ibí bí ẹ bá fẹ́ kó dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Kí èkejì sì dé ní òwúrọ̀: "A ti ṣe é. A dán fọ́ọ̀mù yín wò, ó lọ. Ẹ̀dà ìpamọ́ tí a ṣe ṣáájú nìyí." Ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ yẹn rí ìwé méjì yìí, wákàtí kan ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ ìbá fi bàjẹ́, kì í ṣe ọjọ́ 9.

Mo ń retí èsì yín ní gbangba, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe kọ̀wé yìí ní gbangba.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùtọ́jú ìkànnì kan, oníbàárà yín